Àbàwọ́n Ara Mọ́tò: Ẹni Tó Bá Fi Yanrìn Ha Á, Ìpẹtà Ló Ń Pè Wá

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Àwọn àgbà ló pa òwe náà, àfi bí ẹni pé àwọn tó ń fọ mọ́tò ni wọ́n ń bá wí. Àbàwọ́n kékeré kan ló máa wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò ju ojú kọ́bọ̀ lọ. Ọmọ tó ń fọ mọ́tò á kó kànrìnkàn onírin, á da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú lé e, á wá bá àbàwọ́n wọ ìjàkadì. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, àbàwọ́n ti lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dídán ti bá a lọ. Ojú ibẹ̀ á wá ṣe bàìbàì bí ojú arúgbó. Ọlọ́kọ̀ ń pariwo, ọmọ ń bẹ̀bẹ̀, pẹ́ńtà tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan sì ti ń ṣírò iye tí òun máa gbà.

Ká mú un pé ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà ló kó àjọ, tó fi ra tòkunbọ̀ kan tó mọ́ dáadáa, tó gbé e fún awakọ̀ kó máa fi wá owó wálé. Oṣù mẹ́ta péré, orí mọ́tò ti di alámì tó-tò-tó bí ara ẹtù. Awakọ̀ ní igi máńgòrò tí òun ń gbé e sí lábẹ́ ló fà á. Ọmọ tó ń fọ̀ ọ́ ní òun ti fi gbogbo agbára òun ha á. Pẹ́ńtà ní gbogbo ara rẹ̀ ni wọ́n máa kùn. Ìyá ò mọ ta ni kí òun gbàgbọ́, bẹ́ẹ̀ àpò òun ni gbogbo wọn ń wò. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé òwú díẹ̀, sípíríìtì ìbò ìgò kan àti sùúrù wákàtí kan ni ọ̀rọ̀ náà ń béèrè.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó ní mọ́tò, ẹni tó ń wà á àti ẹni tó ń fọ̀ ọ́ mọ irú àbàwọ́n tó wà níwájú wọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Oògùn ibà kọ́ ni wọ́n fi ń wo làpálàpá.

PẸ́ŃTÌ KÒ NÍPỌN BÍ Ẹ ṢE RÒ

Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń wọlé lónìí, ìpele-ìpele ni pẹ́ńtì ara wọn. Irin ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n á kọ́kọ́ kun praimà lé irin kó má baà dípẹtà. Wọ́n á kun àwọ̀ lé praimà, ìyẹn pupa tàbí dúdú tàbí aláwọ̀ eérú tí ojú ń rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ohun kan tó mọ́ gaara bí díńgí bo àwọ̀ náà mọ́lẹ̀. Èyí tó mọ́ gaara yìí làwọn pẹ́ńtà ń pè ní kílíà. Òun ló ń dán, òun ló sì ń gba oòrùn àti òjò sára kí wọ́n má baà ba àwọ̀ jẹ́.

Kílíà ọ̀hún ò nípọn rárá. Bí wọ́n bá pín mílímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà 1,000, kílíà kì í sábà ju nǹkan bí 50 nínú rẹ̀ lọ. Fọ́nrán irun orí èèyàn sábà máa ń nípọn jù ú. Bí wọ́n bá ro praimà, àwọ̀ àti kílíà pọ̀, gbogbo rẹ̀ kì í sábà tó ìdá méjì nínú mẹ́wàá mílímítà kan. Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń fi yanrìn bẹ́ bí ìkòkò tó jóná! Bí kílíà bá ti tán, kò sí ọṣẹ tó lè dá a padà. Bí àwọ̀ àti praimà bá tún tẹ̀ lé e, irin ti wà níhòòhò nìyẹn, òjò kan, oòrùn kan, ìpẹtà ti dé.

Ti àwọn mọ́tò àtijọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n ń tò ní Èkó láti 1975 àti Pijó 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti ọdún yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní kílíà. Àwọ̀ wọn ló ń dán fúnra rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ dánfó tí wọ́n tún kùn ní yẹ́lò tó ní ìlà dúdú l'Ékòó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi aṣọ funfun àti pólíìṣì díẹ̀ nu kọ̀rọ̀ kan tí ojú kì í tó. Bí àwọ̀ mọ́tò bá bá aṣọ jáde, kò sí kílíà níbẹ̀, kó rọra. Bí aṣọ bá kàn dọ̀tí lásán, kílíà wà níbẹ̀.

Ẹ FI ỌWỌ́ ÀTI Ọ̀RÁ WÁDÌÍ RẸ̀

Kí wọ́n tó pe ohunkóhun ní àbàwọ́n tó le, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fọ mọ́tò náà dáadáa. Omi ni kó ṣíwájú, kó ṣàn láti orí dé ìsàlẹ̀, kó kó iyẹ̀pẹ̀ lọ. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, eruku tó bà lé ara mọ́tò kún fún yanrìn kíkúnná. Ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, sánpépà ló ń fi nu mọ́tò rẹ̀ yẹn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló dáa kó wà nílẹ̀. Ọṣẹ á wà nínú ọ̀kan, omi lásán tí wọ́n ń fi ṣan fóòmù á wà nínú èkejì. Fóòmù tó bá jábọ́ sílẹ̀, kó má padà sára mọ́tò àfi tí wọ́n bá ṣàn án mọ́.

Bí mọ́tò bá ti mọ́, kí wọ́n ki ọwọ́ bọ ọ̀rá tín-ín-rín kan, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, kí wọ́n wá rọra fi ọwọ́ náà pa bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ọwọ́ lásán ò mọ̀, ọ̀rá á sọ ọ́. Bó bá ń ṣe wúruwùru bí gààrí lábẹ́ ọwọ́, ohun kan lẹ̀ mọ́ orí pẹ́ńtì, ó ṣeé yọ. Bó bá ń dán lọ geerege ṣùgbọ́n tí ojú ṣì ń rí àpá, ohun náà ti jẹ wọ inú kílíà. Ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú èyí tó gbé ka orí, ọ̀tọ̀ ni ti èyí tó ti wọlé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí.

ÀBÀWỌ́N KỌ̀Ọ̀KAN ÀTI OÒGÙN RẸ̀

Ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti àdán: Àwọn tó ń gbé mọ́tò sábẹ́ igi nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àdán ti ń sùn lọ́sàn-án lọ súà, mọ ohun tí ojú mọ́tò ń rí. Ìgbẹ́ ẹyẹ ní ásíìdì nínú. Bí oòrùn bá pa á, pẹ́ńtì tó gbóná á rọ̀ díẹ̀, á sì fẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, pẹ́ńtì á sún kì, á di mọ́ ìgbẹ́ tó ti gbẹ náà. Àpá nìyẹn. Nítorí náà, kò yẹ kó sùn mọ́jú lára mọ́tò. Kí wọ́n rẹ aṣọ sínú omi ọṣẹ, kí wọ́n fi lé e lórí fún bí ìṣẹ́jú 10, kó rọ̀, kí wọ́n wá gbé e kúrò. Ẹ gbọ́ ná, gbígbé ni o, kì í ṣe fífà kiri, torí èso wẹ́wẹ́ àti yanrìn máa ń wà nínú rẹ̀. Kòkòrò tó kú mọ́ iwájú mọ́tò lálẹ́, ìtọ́jú kan náà ló ń fẹ́.

Oje igi: Máńgòrò àti igi fúrúùtù tó kún àdúgbò Èkó ń fúnni ní ìbòòji, ṣùgbọ́n ìbòòji wọn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Oje wọn á kán, á gbẹ, á le bí gọ́ọ̀mù. Omi gbígbóná díẹ̀ lè mú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán. Èyí tó bá ti gbẹ, sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ló ń rọ̀ ọ́. Kí wọ́n rẹ òwú sínú rẹ̀, kí wọ́n fi lé ojú oje nìkan, kí wọ́n ka ìwọ̀n 30 sí 60 kí wọ́n tó nù ún. Lẹ́yìn náà, omi ọṣẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí wọ́n má ṣe fi ọ̀bẹ tàbí abẹ́ họ ọ́ láé.

Ọ̀dà títì: Ìgbà tí wọ́n ń tún òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ṣe, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013 lórí títì tí wọ́n ṣí ní 1978, ọ̀pọ̀ mọ́tò funfun ló délé pẹ̀lú tóótòòtó dúdú lẹ́bàá táyà. Ọ̀dà yẹn, irú èyí tó wà nínú ilẹ̀ Agbábu ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò gbọ́ ti omi, kò gbọ́ ti ọṣẹ. Ọmọ ìyá epo ni, epo ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Kẹrosíìnì díẹ̀ lórí aṣọ, tàbí òróró ìdáná bí kò bá sí kẹrosíìnì, kí wọ́n fi pa á, kí wọ́n ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á rọ̀, á sì bá aṣọ jáde. Kí wọ́n máa yí ojú aṣọ padà kí dúdú má baà ràn ká. Ọṣẹ ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn rẹ̀, kí epo má dúró síbẹ̀ kó máa kó eruku jọ.

Sìmẹ́ńtì: Ẹni tó ń gba ọ̀nà Ewékorò, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà láti 1960, tàbí ẹni tó gbé mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pílásítà, kó la ojú rẹ̀. Eruku sìmẹ́ńtì tí ìrì bá sẹ̀ lé lórí á di òkúta mọ́ ara mọ́tò. Bó bá ṣì tutù, omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀ ni. Bó bá ti gbẹ, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ mọ bí omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú ṣe ń ta, ẹ̀yà kan náà ni sìmẹ́ńtì. Ohun kíkan ni í pa agbára rẹ̀. Fínígà tí wọ́n là mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n sẹ́ dáadáa, ni kí wọ́n fi rẹ aṣọ, kí wọ́n fi lé e lórí, kí wọ́n máa tú u wò díẹ̀díẹ̀. Ó lè gbà tó ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí aṣọ ni kí wọ́n bu omi ṣàn án.

Òrùka funfun: Omi kànga àti omi bọ́ò-hóòlù ibòmíràn ní iyọ̀ òkúta nínú. Bí wọ́n bá fọ mọ́tò lójú oòrùn tí wọn ò nù ún gbẹ, omi á fà, iyọ̀ á ṣẹ́kù bí òrùka funfun. Fínígà àti omi yẹn kan náà ni oògùn rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ ni kí wọ́n fọ mọ́tò lábẹ́ ìbòòji, kí wọ́n sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀.

Tóótòòtó pupa rúsúrúsú: Èyí ló ń dẹ́rù ba àwọn tó ní mọ́tò funfun. Wọ́n á ní, “Yéè, mọ́tò mi ti ń jẹrà!” Ọ̀pọ̀ ìgbà, irin mọ́tò kọ́ ló ń dípẹtà, èérún irin láti ìta ló bà lé e. Wẹ́dà tó ń gé irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí, èérún tó ń jáde lára bíréèkì, eruku ojú irin rélùwéè, gbogbo wọn ń fò, wọ́n ń gún pẹ́ńtì, wọ́n á wá dípẹtà síbẹ̀. Amọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta nǹkan ìfọmọ́tò ń tà, wọ́n ń pè é ní clay bar, àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Wọ́n á fi omi ọṣẹ mú ojú ibẹ̀ yọ̀, wọ́n á máa rọra fi amọ̀ náà lọ síwá sẹ́yìn láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á máa fa èérún jáde. Bí ojú amọ̀ bá ti dọ̀tí, wọ́n á pò ó kí ojú tó mọ́ tún yọ. Bó bá jábọ́ sílẹ̀, kí wọ́n jù ú nù. Pẹ́ńtì tó fẹ́ wá láti ṣọ́ọ̀bù pẹ́ńtà tó bà lé mọ́tò aládùúgbò, amọ̀ yìí náà ló ń yọ ọ́.

Gọ́ọ̀mù sítíkà: Sítíkà ìbò, ti ìsìnkú, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀, bí wọ́n bá ṣí i tán, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á kù sẹ́yìn. Kí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná lé e lórí kó rọ̀, kí wọ́n fi èékánná tàbí ike pẹlẹbẹ ṣí i. Ìyókù gọ́ọ̀mù, òróró tàbí kẹrosíìnì díẹ̀ á parí rẹ̀.

Omi ẹja: Èyí kan ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja gan-an. Omi yìnyín àti iyọ̀ tó ń kán láti inú apẹ̀rẹ̀ sí etí búùtù kì í kọ́kọ́ ṣe àbàwọ́n tó burú lójú. Ṣùgbọ́n bó bá rí ibi tí pẹ́ńtì ti họ, iyọ̀ á mú kí irin tètè dípẹtà. Ọ̀rá nílẹ̀ búùtù kí wọ́n tó kó ẹja, omi tó mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá já ẹja, ó parí. Ẹni tó ń gbé létí òkun l'Ékòó, níbi tí afẹ́fẹ́ pàápàá ti ní iyọ̀ nínú, kó máa fi omi tó mọ́ ṣan mọ́tò rẹ̀ lóòrèkóòrè.

OÒGÙN TÓ Ń DÁ ÀRÙN MÌÍRÀN SÍLẸ̀

Àwọn ohun kan wà tó ń yọ àbàwọ́n lóòótọ́ ṣùgbọ́n tó ń yọ pẹ́ńtì pẹ̀lú. Àkọ́kọ́ ni yanrìn, kànrìnkàn onírin àti eérú. Èkejì ni tínà. Iṣẹ́ tínà ni pé kó la pẹ́ńtì, báwo wá ni yóò ṣe yọ oje kó fi pẹ́ńtì sílẹ̀? Ẹ̀kẹta ni epo bẹntiróòlù. Ó lè ba pẹ́ńtì tí kò tíì gbó jẹ́, àti pé èéfín rẹ̀ ń fò lọ́nà jíjìn, iná ṣíṣáná tàbí iná sìgá ẹnìkan tó ń kọjá lè gbà á. Ara tó jóná ò ṣeé kùn bíi mọ́tò.

Ẹ̀kẹrin ni omi bátìrì tí àwọn ọmọ kan fi ń yọ sìmẹ́ńtì. Ásíìdì gidi ni, ó ń jẹ irin, ó ń jẹ aṣọ, ó sì ń fọ́ni lójú. Ẹ̀karùn-ún ni ọ́ìlì bíréèkì. Mẹkáníìkì tó bá ṣèèṣì da á sí ara mọ́tò, kó má ṣe nù ún lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Omi púpọ̀ ni kó yára dà sí i, torí ọ́ìlì náà ń hó pẹ́ńtì bí èèpo iṣu ni. Ẹ̀kẹfà ni bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Kò wúlò fún mọ́tò, bí wọ́n bá sì pò ó mọ́ fínígà, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lè dí èèyàn léèémí. Ẹ má pò wọ́n pọ̀ láé.

Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ńkọ́? Òun kì í jẹ pẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń lò ó lójoojúmọ́, ó ń bọ́ ọ̀rá wáàsì tó ń ṣọ́ pẹ́ńtì kúrò. Hóró rẹ̀ tí kò yòrò sì ń ha ojú mọ́tò. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà, kí wọ́n po díẹ̀ sínú omi púpọ̀ kó yòrò tán, kí wọ́n má dà á sí ara mọ́tò gbígbẹ.

BÓ BÁ TI JẸ WỌLÉ ŃKỌ́?

Bí àbàwọ́n bá ti lọ ṣùgbọ́n tí àpá kù, iṣẹ́ kọ́ńpáùn ló kàn. Kọ́ńpáùn kì í fọ nǹkan, ó ń bó ojú kílíà díẹ̀ kí ibi tó jìn àti ibi tó ga lè bá ara wọn dọ́gba. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lò ó, kílíà ń dín kù. Kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ bu díẹ̀, kí wọ́n fi nu ojú àpá nìkan, kí wọ́n nù ún mọ́, kí wọ́n wò ó. Bó bá ti tó, kí wọ́n fi pólíìṣì àti wáàsì lé e. Ẹni tó bá ń fi kọ́ńpáùn fọ mọ́tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lè máa dán, ó ń jẹ owó orí ọjà ni.

Báwo ni èèyàn ṣe máa mọ̀ pé kọ́ńpáùn ò lè ràn án lọ́wọ́? Kó fi èékánná rọra gba orí àpá kọjá. Bí èékánná ò bá kọ́, ìrètí wà. Bó bá kọ́, àpá ti jìn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ni kó gbé e fún. Pẹ́ńtà tó dáńgájíá lè fi sánpépà olómi, nọ́ńbà 2000, rọra ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó tó fi kọ́ńpáùn lé e. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ń fi dánra wò lórí mọ́tò oníbàárà. Bí irin bá sì ti yọ, kí wọ́n tètè há ìpẹtà rẹ̀, kí wọ́n fi praimà bò ó kí wọ́n tó kùn ún. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

TA NI YÓÒ SAN ÁN?

Níbí ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Mọ́tò dé kááwọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àpá, ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú àpá, ọlọ́kọ̀ ní ọmọ tó fọ̀ ọ́ ló fà á. Wọ́n á gba owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á gbá a létí pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọ̀gá kááwọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín àti oníbàárà jọ yí mọ́tò po kí omi tó kàn án. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àpá yìí o, ó ti wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé.” Gbólóhùn kan péré ni, ó ń gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ìyà. Fóònù tó ń ya fọ́tò sì ti wà lápò gbogbo èèyàn báyìí, kí wọ́n ya ibẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ náà, ọmọ tẹ́ ẹ bá fún ní kànrìnkàn onírin, tẹ́ ẹ ní kó yára torí ẹ̀ ń lọ sóde, ẹ má retí pé kó ṣe é bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun. Àbàwọ́n tó le ń fẹ́ àkókò, àkókò sì ni owó oníṣẹ́. Ẹ san án fún un.

Ẹ̀yin pẹ́ńtà, kì í ṣe gbogbo àbàwọ́n ló ń fẹ́ kíkùn. Oníbàárà tẹ́ ẹ bá fi òwú àti sípíríìtì yọ tirẹ̀, tẹ́ ẹ gba owó iṣẹ́ yín níwọ̀nba, ọ̀dọ̀ yín náà ló máa padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ lù ú. Oníbàárà náà, bí wọ́n bá ní gbogbo ara mọ́tò ni àwọn máa kùn, kó béèrè pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi dán kọ̀rọ̀ kan wò ná.” Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bínú. Mọ́tò tó bá ṣì wà nínú pẹ́ńtì tó bá wá láti ilé iṣẹ́, owó gidi ló ń mú wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á. Ẹni tó ń rà á máa ń fura sí èyí tí wọ́n tún kùn, á ní bóyá ó ti ní jàǹbá rí.

KẸROSÍÌNÌ KÌ Í ṢE MÍŃÍRÀ

Ọ̀rọ̀ kan kù tó ju pẹ́ńtì lọ. Kẹrosíìnì àti sípíríìtì tí wọ́n fi yọ àbàwọ́n, ẹ má ṣe dà á sínú ìgò míńírà tàbí ike omi kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀. Ọmọdé ò mọ ìyàtọ̀, á gbé e mu. Bó bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má ki ìka bọ ọmọ lọ́nà ọ̀fun kó bì, kí wọ́n má sì fún un ní epo pupa, torí bí kẹrosíìnì bá ń padà bọ̀ lọ́fun, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ ló ti ń pani. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó ń fi ohun wọ̀nyí ṣiṣẹ́, kó ṣe é níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kó jìnnà sí iná, kó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó jẹun.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àìjẹ́ kí àbàwọ́n dúró pẹ́ ló dáa ju yíyọ rẹ̀ lọ. Wáàsì ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ìbòòji tí kì í ṣe abẹ́ igi bó bá ṣeé ṣe, aṣọ rírọ̀ kan àti ike omi ọṣẹ kékeré nínú búùtù, kí wọ́n máa fi mú ìgbẹ́ ẹyẹ kó tó gbẹ. Awakọ̀ tó bá ń ṣe èyí láràárọ̀ ń dáàbò bo owó ọ̀gá rẹ̀ àti iṣẹ́ ara rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà ló yẹ kí ọlọ́kọ̀ fi máa ṣọ́ pẹ́ńtì rẹ̀.